Yàrá Onídáńpálọ́ọ̀nù Wa Kò Ṣeé Jókòó Sí Lọ́sàn-án: Kí Ni Ká Ṣe sí Òrùlé Rẹ̀?

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó ń gbé ní Ìjàpọ̀ nílùú Àkúrẹ́, ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́: “Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́ yàrá kan sí ẹ̀yìn ilé fún wa, irú èyí tó wà lẹ́yìn ilé tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Gíláàsì ni fèrèsé rẹ̀ yíká, dáńpálọ́ọ̀nù, ìyẹn páànù oníke tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, la sì fi bo orí rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè máa wọlé. Ó rẹwà gan-an, ṣùgbọ́n láti bí agogo mọ́kànlá àárọ̀ títí di àṣálẹ́, kò sẹ́ni tó lè jókòó síbẹ̀. Tí òjò bá ń rọ̀, a kì í gbọ́ ohun tá à ń bá ara wa sọ. Tó bá di ìgbà ọyẹ́, omi á tún máa kán sí wa lórí láàárọ̀ kùtù. Ọmọ mi ní ká tẹ́ òwú tó nípọn, irú èyí tó ń dá ooru dúró, sábẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi tó wà. Káfíńtà ní fóìlì, bébà alumíníọ́mù tó ń dán, ti tó. Ẹlòmíràn ní ká kúkú ra ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká ṣe kí yàrá yìí tó ṣeé lò tẹ̀ẹ̀rùn tòjò?”

Ẹ kú ìnáwó, màmá, ẹ sì kú ìfaradà. Ìṣòro mẹ́ta lẹ kó sínú ìbéèrè kan: ooru, ariwo òjò, àti omi tó ń kán. Òrùlé kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń wá, ṣùgbọ́n ohun tó ń fà wọ́n kò dọ́gba, oògùn tó wo ọ̀kan sì lè má wo èkejì. Ìdí nìyẹn tí àwọn mẹ́ta tí ẹ bi léèrè fi fún yín ní ìmọ̀ràn mẹ́ta tí kò jọra, tí kò sì sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ òrùlé láàárín Àkúrẹ́, Òǹdó àti Ọ̀wọ̀, irú yàrá báyìí sì ti ń pọ̀ sí i láwọn ilé tuntun. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi máa já sí ni pé kí ẹ dá oòrùn dúró ní òde kó tó wọlé. Òwú, fóìlì àti ẹ̀rọ, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn ọmọ yín. Níbi tó wà, òtútù ni wọ́n ń bá jà. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán gangan ní Lọ́ńdọ̀nù kì í gòkè ju nǹkan bíi digírì 15 lọ lójú ọ̀run, nígbà tí àtàrí gan-an jẹ́ 90. Ẹ̀gbẹ́ ilé ló ti ń wò wọ́n. Wọ́n á wá tan iná mú ilé móoru, wọn ò sì ní fẹ́ kí ooru tí wọ́n fowó rà náà gba òkè sá lọ, ló fi jẹ́ pé òwú tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 27 ni wọ́n ń gbà wọ́n nímọ̀ràn láti tẹ́ sókè àjà. Àkúrẹ́ yàtọ̀. Nǹkan bíi digírì 7 péré la fi jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Jálẹ̀ ọdún, oòrùn ọ̀sán wa kì í rẹlẹ̀ ju digírì 59 lọ, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló sì máa ń dúró ṣánṣán sí àtàrí wa, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Òrùlé ló ń forí gba gbogbo rẹ̀. Yàrá Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ wò kọ́ tiyín, kó lè gba oòrùn díẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún mọ́ra ni wọ́n ṣe kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá gbé e wá síbí bó ṣe wà, iṣẹ́ tí wọ́n rán an náà ló ń jẹ́.

Ẹ wo bí ooru náà ṣe pọ̀ tó. Ká ní yàrá yín jẹ́ mítà 4 sí mítà 5, ìyẹn mítà onígunmẹ́rin 20. Lọ́sàn-án tí ojú ọ̀run mọ́, nǹkan bíi 900 wáàtì ló ń bọ́ sórí mítà onígunmẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ lórí òrùlé yín jẹ́ 18,000 wáàtì. Tí dáńpálọ́ọ̀nù aláwọ̀ bá dá ìdajì rẹ̀ padà, 9,000 ṣì wọlé. Èyí tó mọ́ gaara bíi gíláàsì máa ń jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ wọlé. Ìmọ́lẹ̀ ni nígbà tó ń wọlé, ṣùgbọ́n tó bá ti kan táìlì, àga àti tábìlì, ó ti di ooru, dáńpálọ́ọ̀nù tó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá kì í sì í jẹ́ kí ooru náà gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ padà bọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ tó gbóná á wá ròkè, kò ní rí ihò tó máa gbà jáde, á sì jókòó síbẹ̀. Àwọn tó kọ́ ùá, ìyẹn àgbàlá inú ilé, sí ààfin Déjì, ọba Àkúrẹ́, fi òkè rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu fún afẹ́fẹ́. Àwa ń fi ike bo àgbàlá tiwa pa, a sì ń béèrè ohun tó mú kí ilé gbóná. Ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kí yàrá tó gbè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà ti gbóná sí i láti ìgbà tí ẹ ti kọ́ ọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ti ń dùn mí. Èyí tó jẹ́ ẹṣin kan ààbọ̀ (1.5 HP), tó wọ́pọ̀ jù nínú ilé, kò lè kó ju nǹkan bíi 3,500 wáàtì ooru jáde. Tí 9,000 bá ń gba orí wọlé, mẹ́ta irú rẹ̀ ní láti máa ṣiṣẹ́ pọ̀ kí yàrá náà tó lè dúró lójú kan, ká má tíì sọ ti gíláàsì ìwọ̀ oòrùn. Owó iná yẹn kò ní lópin, ọjọ́ tí wọ́n bá sì mú iná lọ, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ máa padà sí. Mi ò sọ pé kí ẹ má ra ẹ̀rọ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú òrùlé, kí ọ̀kan kékeré lè tó. Ẹni tó bá ti gbin kòkó rí ní ìpínlẹ̀ yìí á tètè gbà pẹ̀lú mi: ọ̀gẹ̀dẹ̀ la máa ń gbìn sáàárín ọmọ kòkó kó lè ṣíji bò ó. A kì í dúró kí oòrùn jó o tán ká tó máa wá omi kiri.

Ti fóìlì, mi ò ní bá káfíńtà yín jà, nítorí fóìlì ń ṣiṣẹ́ gan-an níbi tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n lò. Ooru tó ń ti ara òrùlé gbígbóná sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹni, ìtànṣán ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ojú fóìlì tó ń dán sì lè dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán náà dúró. Àmọ́ àyè afẹ́fẹ́ ló ń fún un lágbára. Alumíníọ́mù ni fóìlì. Tó bá ti lẹ̀ mọ́ páànù, wọ́n ti di nǹkan kan náà, ooru á kàn gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́ ni. Wọ́n pè wá sí ilé kan ní Ọ̀bà-Ilé tí wọ́n ti náwó fóìlì sí tí ooru ò sì dín. Nígbà tá a yọ àjà PVC, ìyẹn àjà oníke, kúrò, a rí i pé gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ fóìlì mọ́ abẹ́ páànù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ojú tó ń dán kọjú sí páànù, ẹ̀yìn rẹ̀ tó jẹ́ ike funfun kọjú sísàlẹ̀. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, kíá ni mo sì yọ ọ́. A tú u dànù, a na òmíràn sábẹ́ igi òrùlé, a jẹ́ kí àyè tó ínṣì méjì wà láàárín òun àti páànù, àyè mìíràn sì tún wà láàárín òun àti àjà, ojú dídán kọjú sísàlẹ̀. Tí ẹ bá ń ṣe tiyín, kí àyè náà má dín sí ínṣì kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ojú dídán gbọ́dọ̀ kọjú sókè sí oòrùn lábẹ́ páànù. Èyí tó kọjú sísàlẹ̀ ń ṣiṣẹ́ náà, torí ojú tó ń dán kì í fẹ́ tú ooru sílẹ̀, eruku ọyẹ́ kò sì ní rí orí rẹ̀ gùn. Ẹ̀yin náà mọ bí eruku ọyẹ́ ṣe ń rí láàárín oṣù kan péré.

Ti òwú ńkọ́? Rockwool ni mo máa ń lò, òwú tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe. Àwọn kan ń lo fóòmù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí. Fóòmù náà ń dá ooru dúró dáadáa, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó ń jóná, èéfín rẹ̀ sì léwu. Èmi kì í tẹ́ ẹ sí orí ibi tí èèyàn ń jókòó, pàápàá níbi tí wáyà iná bá gbà kọjá. Afẹ́fẹ́ tó dúró sójú kan nínú òwú ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe òwú fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè wọ àyè tóóró ti fi owó ṣòfò. Nípa bó ṣe yẹ kó nípọn tó, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní páànù gbóná dé digírì 65 lọ́sàn-án, tí yàrá sì wà ní 30. Rockwool tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, ìyẹn ínṣì méjì, lórí yàrá yín á jẹ́ kí nǹkan bíi 560 wáàtì kọjá. Tí ẹ bá sọ ọ́ di 10, ó di 280. Ẹ fi wé 9,000 tá a fi bẹ̀rẹ̀. Ínṣì méjì àkọ́kọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí ẹ máa rí gbà lórí ínṣì méjì tó tẹ̀ lé e kéré, èyí tó kù títí dé sẹ̀ǹtímítà 27 ti ọmọ yín, owó lásán ni lórí ilẹ̀ tiwa.

Wàyí o, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ni kí ẹ na nẹ́ẹ̀tì ìbòòji, irú èyí tí àwọn tó ń tọ́jú irúgbìn máa ń lò, sí òkè dáńpálọ́ọ̀nù náà ní òde, kó fi bí ẹsẹ̀ bàtà kan ga sókè kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó ń dín ooru kù lóòótọ́, àmọ́ ìjì òjò àkọ́kọ́ lè fà á ya, oòrùn náà á sì jẹ ẹ́ bó bá yá. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ jù ni pé ẹ lè fi dán nǹkan wò. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí ohun mìíràn, ẹ ní kí wọ́n bo ìdajì òrùlé náà, kí ẹ sì jókòó sábẹ́ ibi tí wọ́n bò àti ibi tí wọn kò bò ní agogo méjì ọ̀sán. Tí ara yín bá mọ ìyàtọ̀, a jẹ́ pé orí ni ooru ti ń wá. Tí kò bá fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ló yẹ ká bá wí.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi dáńpálọ́ọ̀nù sílẹ̀, kí ẹ ṣe àjà sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú fóìlì olójú méjì àti òwú. Ọ̀pọ̀ ló ń yan èyí nítorí pé kò sí òrùlé láti tú. Ojú fóìlì tó wà lókè á dá ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ padà gba inú dáńpálọ́ọ̀nù jáde. Síbẹ̀ ọkàn mi kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ẹ ti pàdánù ìmọ́lẹ̀ tí ẹ torí rẹ̀ ra dáńpálọ́ọ̀nù, àyè tó wà láàárín á máa gbóná gan-an, ike á sì máa tètè gbó. Dáńpálọ́ọ̀nù a tún máa fẹ̀, a máa sún: èyí tó gùn ní mítà 3 lè fi bíi mìlímítà 8 gùn sí i láàárín ìdájí tútù àti ọ̀sán gangan. Tí wọn ò bá lu ihò síkúrúù tóbi ju síkúrúù lọ, ibẹ̀ ló ti máa ń sán, tí òjò á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí òwú yín láìjẹ́ pé ẹ rí i.

Èyí tí mo máa ṣe ká ní ilé ìyá mi ni, ni ọ̀nà kẹta: kí ẹ yọ dáńpálọ́ọ̀nù náà kúrò, kí ẹ fi páànù alumíníọ́mù gígùn aláwọ̀ funfun tàbí aláwọ̀ ìpara bò ó, kí fóìlì wà lábẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé, kí rockwool ínṣì méjì wà lórí àjà. Àwọ̀ náà ṣe pàtàkì o, torí páànù funfun tuntun ń dá ju ìdajì oòrùn padà, èyí tó dúdú ń gbé púpọ̀ rẹ̀ mì. Mo mọ̀ pé ó máa dun ọmọ yín pé òrùlé tó mọ́lẹ̀ ti lọ. Kò pọn dandan kí yàrá ṣókùnkùn. Ẹ gbé òrùlé náà ga sí i ní ìhà àríwá, kí ẹ fi fèrèsé gíláàsì tóóró sí ara ògiri lókè níbẹ̀, kó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí etí òrùlé sì yọ síta ju ògiri lọ dáadáa. Láti ìparí oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kẹta, tó jẹ́ ìgbà tí oòrùn ń mú jù, gúúsù ni oòrùn ń gbà kọjá níbí. Ìmọ́lẹ̀ á máa wọlé láti àríwá, oòrùn fúnra rẹ̀ kò ní wọlé. Nígbà tó bá yí sí àríwá, òjò ti dé, oòrùn náà ga lókè, etí òrùlé á sì dá èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé òkè yìí ṣeé ṣí, torí òun náà ni afẹ́fẹ́ gbígbóná máa gbà jáde.

Ariwo òjò kò gbọ́ ti fóìlì rárá. Ohun tó wúwo àti ohun tó rọ̀ ló ń pa á: rockwool tá a sọ yẹn, pẹ̀lú àjà páálí gypsum, páálí líle tó wúwo, dípò PVC tó fẹ́lẹ́. Ariwo kò ní tán pátápátá nínú òjò oṣù Keje, àmọ́ ẹ ó lè bá ara yín sọ̀rọ̀ láìpariwo.

Ní ti omi tó ń kán láàárọ̀ ọyẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn á pe ẹni tó máa wá fi sílíkónì dí òrùlé, bẹ́ẹ̀ òrùlé kò jò. Òjò kò kúkú rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Lálẹ́ tí kò sí kùrukùru, òrùlé máa ń tú ooru rẹ̀ sí ojú ọ̀run títí tó fi máa tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, ọ̀rinrin inú yàrá á wá di ìrì lábẹ́ rẹ̀. Aṣọ tútù tí wọ́n sá síbẹ̀, ìkòkò òdòdó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin, oru omi ilé ìdáná tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, gbogbo wọn ló ń fi kún un. Ẹ gbé wọn kúrò, kí ẹ sì ṣí fèrèsé díẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́, ẹ ó rí i pé á dín kù. Tí ẹ bá ṣe òrùlé tuntun, ẹ jẹ́ kí fóìlì abẹ́ páànù dagun lọ sí apá gọ́tà, kó má ṣe sọ̀ ní àárín, kí ìrì tó bá kán sórí rẹ̀ lè ṣàn jáde dípò kó rọ sórí òwú.

Ohun kan wà tí mi ò lè bá yín wò láti ibi tí mo wà, òun ni òpó àti férémù. Dáńpálọ́ọ̀nù tó nípọn ní mìlímítà 10 kò wúwo ju kílò 35 lọ lórí gbogbo yàrá yín. Páálí gypsum àti rockwool nìkan lè tó kílò 250, igi àti páànù ṣì wà lẹ́yìn. Tí ó bá jẹ́ páìpù irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, kí wẹ́dà tó mọṣẹ́ wá fi kún òpó, kó sì wo bí wọ́n ṣe dè é mọ́ ògiri. Ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ nìkan kọ́ ni mo ń sọ. Ìjì oṣù Kẹta náà ń gbé òrùlé sókè. Ẹ má sì retí ohun tí àjà kò lè ṣe. Ní ọ̀sán oṣù Kejì tí afẹ́fẹ́ òde fúnra rẹ̀ bá wà ní digírì 34, àjà nìkan kò lè mú yàrá tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó máa ṣe ni pé ooru kò ní máa ti òkè bọ́ lù yín lórí mọ́, fáànù yóò sì wúlò. Gíláàsì ìwọ̀ oòrùn ṣì nílò ìbòòji tirẹ̀ ní òde, yálà ẹní oparun tó ṣeé ká sókè tàbí páànù kékeré tó yọ síta. Kọ́tìnì inú ilé kò tó, torí ooru ti wọlé kó tó kàn án.

Ẹ má ṣí òrùlé láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹwàá. Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kìíní ló dára jù. Tí wọ́n bá ti tẹ́ gbogbo rẹ̀ tán, kí káfíńtà tó kan páálí àjà tó kẹ́yìn, ẹ ní kí ọmọ ilé kan gun àkàsọ̀, kó fi fóònù ya inú rẹ̀ wá fún yín: kí ẹ rí i pé àyè wà láàárín fóìlì àti páànù, pé ojú dídán wo ìsàlẹ̀, pé wọn kò fi òwú bo wáyà iná mọ́lẹ̀, pé wọ́n sì ti fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí gbogbo ihò afẹ́fẹ́ kí eku àti aláǹgbá má bàa wọlé. Tí ọ̀kan bá kù nínú wọn, kó tún un ṣe kí ẹ tó san owó iṣẹ́ tó kù.